Ṣé a lè ri òpó atẹ́gùn sínú òkun Èkó kí iná rẹ̀ dé Ìbàdàn?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọmọ Bódìjà kan:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo rí fídíò kan tí wọ́n yà nínú òkun Ìlú Ọba. Wọ́n ní bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ẹ̀rọ atẹ́gùn wọn bá yípo lẹ́ẹ̀kan, iná tó bá ti ibẹ̀ jáde á tó ilé kan lò fún odidi ọjọ́ kan. Láti ìjẹta ni mo ti ń rò ó. Èkó ní òkun, atẹ́gùn kò sì wọ́n létí òkun. Ìbàdàn sí Èkó kò tó kìlómítà 150. Kí ló dé tí a kò lè ri ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀rọ yẹn sínú omi níwájú Lẹ́kí, kí a fa wáyà rẹ̀ wálé? Ṣé ìjọba ni kò fẹ́, àbí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kò gbà? Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ owó oúnjẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

*

Àbúrò mi, ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ní ìṣòro tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ ìjọba kankan. Atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ iná lórí pèpéle irin àwọn elépo nínú òkun lápá Escravos kí n tó padà wálé. Ní báyìí, ìsọ̀ mi wà ní Ògùnpa, mo ń wé kọ́ìlì mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀, mo sì ń so sólà fún àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Fídíò tí o wò kò parọ́. Mú ẹ̀rọ kan tó ń pèsè mẹ́gáwáàtì 7, tó ń lo bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 láti yípo lẹ́ẹ̀kan. Sọ kìlówáàtì 7,000 di ìlọ́po 6, kí o wá fi 3,600 pín in. Wàá rí nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtí 12. Ó tó ilé kan lò fún ọjọ́ kan lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́. Ohun tí fídíò náà kò sọ ni pé ìgbà tí atẹ́gùn bá ń sáré tó bíi mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìyípo kan tó lè mú gbogbo ìyẹn wá.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́jọ ló ń dà. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lójú ẹ̀rọ á di ìlọ́po méjì, agbára tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́ náà gbé dání á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ. Bí eré bá sì dín sí ìdajì, ìpín kan nínú mẹ́jọ ló máa ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́.

Nínú Òkun Àríwá, láàárín Ìlú Ọba àti Dẹ́nmáàkì, tí ẹ bá gun òkè tó mítà 100 lójú omi, àròpín eré atẹ́gùn jálẹ̀ ọdún máa ń tó mítà 9 sí 10. Létí òkun tiwa, ohun tí àwọn awojú-ọjọ́ máa ń kà ní gíga mítà 10 sábà máa ń wà láàárín mítà 3 sí 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká gba 5. Ẹ̀rọ kan wà tí ilé-iṣẹ́ Vestas ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní V236, mẹ́gáwáàtì 15 ni. Òbírí tí apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbá lójú òfuurufú fẹ̀ tó mítà 236. Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé: bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní mítà 5, ohun tó lè jáde nínú ẹ̀rọ ńlá yìí kò ju nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì kan àbọ̀ lọ. Owó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo san, ẹyọ kan àbọ̀ ni wọ́n gbé fún ọ. Atẹ́gùn kì í dúró sójú kan, mo mọ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á gbé àròpín sókè díẹ̀. Síbẹ̀ kò lè sún mọ́ ti àwọn ará ibẹ̀, tí ẹ̀rọ inú òkun wọn ń mú 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ wá jálẹ̀ ọdún.

Kí ló fà á? Ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé ni. Èkó kò ju ìwọ̀n 6 àti díẹ̀ lọ sókè ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn ń mú gbogbo agbègbè yìí gbóná bákan náà, kò sí ìyàtọ̀ ńlá láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù tó lè ti afẹ́fẹ́ sáré. Òkun Àríwá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 55, níbi tí òtútù òkè àti ooru ìsàlẹ̀ ti ń kọlu ara wọn lójoojúmọ́. Ìjì tí wọ́n ń jẹ níyà rẹ̀ náà ló ń fún wọn ní iná.

*

Ẹnìkan láti Mọ́kọ́lá dá mi lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò dé etíkun Èkó rí ni? Atẹ́gùn ibẹ̀ ń ṣí gèlè lórí obìnrin. Ẹ má fi ìṣirò pa wá.”

Mo débẹ̀ dáadáa. Atẹ́gùn tó ń ṣí gèlè yẹn, ọ̀sán ló ń fẹ́. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, ti orí òkun á wá rọ́ wọlé láti dí àyè rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó tán. Ẹni tó ń tajà létí òkun mọ̀ ọ́n: ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀fọn ló kù níbẹ̀.

Ara wa kì í wọn atẹ́gùn dáadáa. Ìgbà tó bá le la máa ń rántí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níhìn-ín gan-an nílùú Ìbàdàn.

Bàbá kan ní Òkè-Ààrẹ, kò jìnnà sí Láyípo, ra ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré kan. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ga, ẹ ó máa wo òrùlé páànù ìlú lọ títí. Ẹni tó tà á fún wọn kọ ọ́ sára páálí pé wáàtì 1,000 ni. Bàbá ní kí n wá so ó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn atẹ́gùn ibẹ̀. Mo ri páìpù mítà 9 mọ́lẹ̀, mo so ẹ̀rọ ìwọn eré atẹ́gùn mọ́ orí rẹ̀, irú èyí tó ní ife kéékèèké mẹ́ta tó ń yípo. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹta, ọmọ Bàbá ń ka nọ́ńbà ní aago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé onílà kan.

Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà inú ìwé náà kò dé mítà 3. Òru òmíràn wà tí àwọn ife náà kò tilẹ̀ mira. Mo lè fi ìka ọwọ́ kan ka èyí tó kọjá 5. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wáàtì 1,000 tí wọ́n kọ sára páálí, ní mítà 12 ni. Ní mítà 6, ó ti di 125. Ní mítà 3, ó di nǹkan bíi 16. Gílóòbù kan péré nìyẹn, bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ lè yí rárá.

Bàbá ní kí n ṣáà so ó, wọ́n ti náwó. Mo so ó. Ó ku díẹ̀ kí oṣù Kẹta parí, ojú ọ̀run ṣú lápá ìlà-oòrùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé. Ẹ mọ irú rẹ̀, èyí tó ń ká páànù bí ẹni ká ẹní. Kò tó ìdajì wákàtí. Ìrù ẹ̀rọ náà ṣẹ́, apá kan fò lọ já sórí ilé àdúgbò, Ọlọ́run ló yọ wá pé kò sí ọmọdé níta. Oṣù méjì tí atẹ́gùn kò tó, ogún ìṣẹ́jú tí atẹ́gùn pọ̀ jù. Àwọn ẹ̀rọ ńlá náà ń sá fún irú ìjì bẹ́ẹ̀: bí eré bá ti dé nǹkan bíi mítà 25, wọ́n á yí ẹnu apá wọn síbi tí atẹ́gùn kò ti ní lè tì í, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́. Ìjì tó ń ṣí òrùlé ní Ìbàdàn kì í ṣe iná fún ẹnikẹ́ni.

*

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní: “Bí atẹ́gùn wa kò bá le, ẹ jẹ́ ká ṣe apá tó gùn jù ti wọn lọ. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ mẹkáníkà ni mò ń kọ́, kò sóhun tí a kò lè ṣe.”

Mo fẹ́ràn bí o ṣe sọ ọ́. Ọ̀nà tí o gbà rò ó tọ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún ibi tí atẹ́gùn kò ti le ń ṣe bẹ́ẹ̀: apá gígùn, jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n odi mẹ́ta wà níwájú rẹ.

Èkíní, ará Jámánì kan, Albert Betz, ti fi ìṣirò hàn ní 1920 pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gba ju ìpín 16 nínú 27 agbára atẹ́gùn tó ń kọjá lójú rẹ̀, nǹkan bíi 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ṣe ló fà á. Rò ó bí ẹnu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Mápó lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí àwọn tó ti wọlé bá dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, ta ló tún máa ráyè wọlé? Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ bá gba gbogbo agbára rẹ̀ á dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, á dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. O gbọ́dọ̀ fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ fún un kó fi kúrò lọ́nà. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti ń gba bíi 45 sí 50. Ohun tó kù láti jà fún kò pọ̀ mọ́.

Èkejì ni ìwúwo. Bí o bá sọ gígùn apá di ìlọ́po méjì, ojú tó fi ń gba atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo á fẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, àfi bí o bá rí ohun èlò tó fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi okùn dígí àti okùn kábọ́ọ̀nù ṣe é, tí wọ́n ń fi igi balsa tó fúyẹ́ gan-an, tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti Ecuador wá, sáàárín rẹ̀. Apá kan ṣoṣo lára V236 yẹn gùn ní mítà 115 àbọ̀. Ẹ dúró sí Dùgbẹ̀ kí ẹ gbójú sókè wo Ilé Kòkó, àjà 26, mítà 105. Apá kan gùn jù ú lọ. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló ń yípo lórí òpó kan, lórí omi.

Ẹ̀kẹta ni àárẹ̀ ohun èlò, òun sì ni èmi bẹ̀rù jù. Ẹ mú okùn irin kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Kò ní já lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n á já. Bí apá yẹn ṣe ń yí, ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sí apá kan nígbà tó bá ń gòkè, ó ń tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà méje àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Fún ọdún 25, iye rẹ̀ ń sún mọ́ 100 mílíọ̀nù. Ìwọ̀nba nǹkan ni ọwọ́ ènìyàn ṣe rí tó ń gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ láìfọ́. Ní oṣù Keje 2024, apá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ Vineyard Wind ṣẹ́ sínú òkun Amẹ́ríkà, àfọ́kù rẹ̀ gbá lọ sí etíkun Nantucket. Ẹ̀rọ tuntun ni o.

Ẹ tún fi òjò kún un. Ṣóńṣó apá náà ń sáré tó mítà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó lé ní kìlómítà 320 ní wákàtí kan. Nínú eré bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan dà bí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń họ ọ̀dà etí apá náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Òjò tiwa kì í ṣe winniwinni bíi ti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá síhìn-ín gbọ́dọ̀ ronú nípa òjò oṣù Kẹfà.

*

Bàbá kan ní Òkè-Àdó, tó ti ṣe wẹ́dà ní Wàrri, kọ̀wé pé: “Ọ̀rọ̀ omi jíjìn kì í ṣe nǹkan. Ibùdó epo Bonga wà nínú omi tó jìn ju mítà 1,000 lọ, epo ń jáde níbẹ̀ láti 2005. Ṣé òpó atẹ́gùn ló máa wá ṣòro?”

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àná. Òótọ́ lẹ sọ nípa Bonga. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí, sà. Bonga jẹ́ ọkọ̀ kan, ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, owó epo tó ń ti ibẹ̀ jáde lóòjọ́ á tó san owó ìdákọ̀ró yòówù kó jẹ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn gbé ẹrù tó lé ní 500 tọ́ọ̀nù sórí òpó tó ga ju Ilé Kòkó lọ, atẹ́gùn sì ń tì í lórí. Ọ̀kan kò tó, ọgọ́rùn-ún ni àbúrò wa ń béèrè, ìdákọ̀ró ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́ta.

Àwọn tí wọ́n ń ri òpó mọ́ ilẹ̀ òkun, irin róbótó kan ni wọ́n ń gbá wọlẹ̀ bí ìṣó, ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 10. Omi mítà 20 sí 35 bíi ti Dogger Bank, oko ẹ̀rọ atẹ́gùn kan nínú Òkun Àríwá, ni irú rẹ̀ mọ́ lára. Ibi tó jìn jù tí wọ́n ti ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un ni Seagreen ní Sikọ́tíláǹdì, kò tó mítà 60, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá irin so pọ̀ bí àkàbà ni wọ́n sì lò. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kó máa léfòó ló kù. Hywind ní Sikọ́tíláǹdì ni oko ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń léfòó àkọ́kọ́, 2017, ẹ̀rọ márùn-ún, mẹ́gáwáàtì 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú omi tó jìn tó bíi mítà 100. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní 2024, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe ńlá sí wọn, ńṣe ni wọ́n tú u kúrò ní ìdákọ̀ró tí wọ́n fà á gba ojú òkun lọ sí Nọ́wè. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tiwa lápá Èkó kì í rìn jìnnà kó tó já gẹ̀rẹ́ wọ inú ibú. Ibi tí a lè ri ẹsẹ̀ sí kò fẹ̀ púpọ̀.

Ẹ sì wo àyè tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ máa gbà. Wọn kì í tò wọ́n sún mọ́ra. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ti rẹ̀, ó sì ń yí gbìrìgbìrì, bí èkejì bá wà nítòsí, àlòkù ni yóò máa lò, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á sì tètè fọ́ ọ. Àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní Horns Rev, Dẹ́nmáàkì, ní oṣù Kejì 2008: ìkùukùu funfun gùn lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ìrù, ó kọjá lára èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i tí yóò tún jiyàn. Ìlọ́po 7 sí 10 fífẹ̀ òbírí ni wọ́n máa ń fi sáàárín. Fún mítà 236, ó lé ní kìlómítà kan àbọ̀. Mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó: kìlómítà 15 lọ́nà méjèèjì, níwájú Lẹ́kí, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté, tí àwọn apẹja sì ń na àwọ̀n.

*

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ òkun bí ẹni pé pápá tó ní omi ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé orí pèpéle, ọkọ̀ kékeré ló gbé wa lọ. Láti bọ́ sórí àkàbà, ó ní ìgbà tí ènìyàn ń fo: nígbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ dé òkè pátápátá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá ṣiyèméjì, ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ mítà kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Wọ́n á dì ọ́ lọ́kùn mọ́ra, o rí àkàbà tó yi ìyọ̀ àti ìgbín òkun níwájú rẹ, ọwọ́ méjèèjì ń yọ̀. Bí ìgbì bá ti ju bíi mítà kan àbọ̀ lọ, ọ̀gá ọkọ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fo. A máa ń dúró. Ọjọ́ mìíràn ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan tó bàjẹ́ náà sì jẹ́ fíúsì kan ṣoṣo.

Ẹ má sì rò pé òkun wa rọ̀ torí pé atẹ́gùn wa kò le. Ìgbì tó ń lu Èkó, ìjì tó jà ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló bí i. Ó rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé. Ó gùn, ó sì lọ́ra. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbé ẹrù 500 tọ́ọ̀nù sókè kí ihò bóòtù lè ṣe rẹ́gí, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ló ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú, àní lọ́jọ́ tí ewé kan kò mì. A gba ìgbì wọn, a kò gba atẹ́gùn wọn.

Ìyọ̀ ńkọ́? Mo ṣí àpótí wáyà kan tí wọ́n ti dè pa fún oṣù mẹ́jọ. Ìdè bàbà inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló rún. Afẹ́fẹ́ tó gbé ìyọ̀ wọlé ń ráyè gba ihò tí o kò rí. Nínú ẹ̀rọ atẹ́gùn, wọ́n ní láti máa sẹ́ afẹ́fẹ́ kí wọ́n sì máa gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ayé. Ìyẹn náà ń jẹ iná.

*

Wáyà: ẹ béèrè, ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Wáyà abẹ́ omi dà bí rọ́bà omi gígùn, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún un kí omi tó jáde lẹ́nu kejì. Iná tiwa ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, torí náà ó ń kún wáyà, ó ń tú u, ó tún ń kún un. Bí wáyà bá ti gùn tó bíi kìlómítà 80 sí 100, ìkún àti ìtú yìí á jẹ púpọ̀ nínú àyè tó yẹ kí iná gbà. Ìdí nìyẹn tí Dogger Bank fi ń sọ tirẹ̀ di iná tí kì í yí padà, irú ti bátìrì, kó tó fi ránṣẹ́ sí èbúté. Èkó kò ní nílò ìyẹn, torí ibi tí a lè lò kò jìnnà sétí ilẹ̀.

Orí ilẹ̀ ni ìṣòro wa wà. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ yẹn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,500 lórí ìwé. Ilé-iṣẹ́ iná Egbin, tó wà ní Ìkòròdú, jẹ́ 1,320. Gbogbo iná tí orílẹ̀-èdè yìí ń pín kò tíì kọjá nǹkan bíi 6,000 rí. Bí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ta ló máa dí ihò 1,500? A mọ bó ṣe ń rí nígbà tí iná gbogbo ìlú bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Tíṣà àgbà kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú: “Ti Kàtsínà dà? Owó ló gbé lọ. Ẹ̀tàn ni iná atẹ́gùn.”

Mi ò gbà, sà, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbà á. Ti Lambar Rimi ní Kàtsínà, ẹ̀rọ 37 ni, kìlówáàtì 275 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 10. Irú èyí tí a lè dá òpó rẹ̀ dùbúlẹ̀ láti tún un ṣe láìsí kireni ńlá ni wọ́n yàn, ọgbọ́n gidi lèyí fún ibi tí kireni ti wọ́n. Iṣẹ́ náà falẹ̀, wọ́n tún jí ẹnjiníà Faransé kan gbé níbẹ̀ ní 2012. Àìsí ààbò àti ìfàsẹ́yìn ló ṣe é. Kì í ṣe pé atẹ́gùn kò sí. Apá òkè wa, Kàtsínà, Sókótó, orí òkè Jos, ní atẹ́gùn tó ju tiwa lọ dáadáa. Bí a bá fẹ́ fi atẹ́gùn tan iná ní Nàìjíríà, orí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú òkun.

Dẹ́nmáàkì tó ri 11 àkọ́kọ́ sínú òkun ní Vindeby ní 1991 kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òmìrán. Kìlówáàtì 450 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ó lé ní ìdajì iná wọn tó ń ti atẹ́gùn wá.

*

Ọmọ Bódìjà padà wá: “Ṣé ẹ ń sọ pé kí n gbàgbé rẹ̀?”

Fún ti òkun Èkó, lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ní Ìbàdàn, ìtànṣán oòrùn tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan lóòjọ́ tó bíi kìlówáàtì-wákàtí 4 àbọ̀. Atẹ́gùn mítà 3, fún odidi wákàtí 24, kò gbé tó ìdajì kìlówáàtì-wákàtí kan gba ojú mítà kan náà. Sólà kò ní apá tó ń ṣẹ́. Ohun tí mo ṣe fún Bàbá Òkè-Ààrẹ lẹ́yìn tí ìjì wó tiwọn nìyẹn: páànẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, ìńfátà, bátìrì méjì. Fíríìjì wọn ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́, torí kò ní jẹ́ òótọ́ bí mo bá fi pamọ́. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni sólà máa ń dá wa lágara jù, ojú ọ̀run á ṣú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bátìrì kò ní kún. Oṣù méjì yẹn gan-an ni atẹ́gùn tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé láti ojú òkun máa ń le jù lọ́dún. Ìgbà tí ọ̀kan bá rọ̀ ni èkejì ń le. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá lówó ìjọba lọ́wọ́, kó má ra ẹ̀rọ. Kó fi ohun ìwọn atẹ́gùn sójú omi níwájú Èkó fún ọdún méjì gbáko, lọ́sàn-án lóru, ní gíga mítà 100, kó sì fi nọ́ńbà náà síta fún gbogbo ènìyàn.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó bá mi sọ̀rọ̀ apá gígùn, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹ̀rọ oníife mẹ́ta yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, páìpù náà sì wà. Bí ẹ bá ní òrùlé gíga ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, wá gbé e lọ, kí ẹ kà á láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìgbà tí èmi kò kà. Ìwé onílà tí ọmọ Bàbá kọ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní Ògùnpa, ojú ìwé púpọ̀ ló ṣófo lẹ́yìn rẹ̀.